Àgbéyẹ̀wò ilé ìtajà ẹja òkun kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù: omi tí wọ́n ń tà àti ewé omi tó bo òkúta mi

Olórí ilé ìtajà náà wò mí lójú níṣojú àwọn oníbàárà mìíràn, ó sì sọ pé ẹ̀rọ ìwọ̀n ọwọ́ mi ti bàjẹ́. Nítorí gbólóhùn yẹn ni mo ṣe ń kọ àgbéyẹ̀wò yìí. Mo ti gbé kẹ́ẹ̀gì omi oní-lítà 25 tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sórí káńtà, èdìdì wọn sì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Mo já èdìdì náà níṣojú rẹ̀, mo ti ẹ̀rọ kékeré tó ń díwọ̀n ohun tó yòrò sínú omi bọ̀ ọ́, ó sì kọ 38. Omi aláìníyọ̀ ni o, èyí tí a fi ń rọ́pò omi tó bá gbẹ kúrò nínú àpótí gíláàsì tí a fi ń sin ẹja òkun nílé, nítorí ẹ̀rọ yìí kò wúlò fún omi tí wọ́n ti po iyọ̀ mọ́. Òdo ni ó yẹ kí ó kọ. Òdo náà ni wọ́n kọ gàdàgbà sára pátákó tó wà lókè orí ọkùnrin náà.

Mo ní kí ó mú ẹ̀rọ ti ilé ìtajà wá kí a fi wé tèmi. Ó nawọ́ sí èyí tí wọ́n kàn mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ asẹ́ omi wọn, ó ní kí n wò ó, òdo ló ń kọ. Mo ní èyí tó wà lára ògiri kò tíì tọ́ omi inú kẹ́ẹ̀gì mi wò. Ó ní a kò lè tú u kúrò lára páìpù. Mo wá nawọ́ sí pẹpẹ tó wà lápá òsì mi, níbi tí wọ́n to irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sí fún títà, mo sì bi í bóyá ó lè ṣí ọ̀kan. Ó dáhùn pé bí òun bá ṣí i, mo ti rà á nìyẹn. Mo rà á. Ó kọ 37. Ohun tí ọkùnrin náà sọ tẹ̀ lé e ni pé àfàìmọ̀ kó má jẹ́ kẹ́ẹ̀gì náà ni kò mọ́: kẹ́ẹ̀gì wọn, tí àwọn fúnra wọn fọ̀, tí wọ́n rọ omi sí, tí wọ́n sì lẹ èdìdì mọ́. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Ìdí tí 38 fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá fún mi ni ewé omi, èyí tí wọ́n ń pè ní algae lédè Gẹ̀ẹ́sì. Àpótí mi gba nǹkan bí 200 lítà, tuntun sì ni. N kò ní ka orúkọ pọ́ǹpù àti iná rẹ̀ sí yín létí, nítorí pé ẹni tó bá ń wá irú ilé ìtajà yìí ti mọ̀ wọ́n. Òkúta gbígbẹ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe èyí tí a gbé wá láti inú òkun pẹ̀lú ohun abẹ̀mí lára rẹ̀. Bí òkúta bá mọ́ fónífóní báyẹn, àyè ṣófo lára rẹ̀ nìyẹn, ohun tó bá sì kọ́kọ́ débẹ̀ ni yóò gbà á. Àwọn kòkòrò aláìfojúrí tó ń sọ amóníà di náítíráìtì, tí wọ́n sì ń sọ ìyẹn di náítíréètì, máa ń fìdí múlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n ó máa ń tó ọ̀pọ̀ oṣù kí gbogbo ohun mìíràn tó ń bá ewé omi du àyè tó pé sínú àpótí. Nítorí náà, ewé omi tín-ín-tìn-ín tó rí bí eruku aláwọ̀ ilẹ̀, tí wọ́n ń pè ní diatom, kò yà mí lẹ́nu nígbà tó dé. Sílíkà, èròjà tó wà nínú yanrìn àti gíláàsì, ni ó fi ń kọ́ èèpo ara rẹ̀, nígbà tí sílíkà bá sì tán nínú omi, òun náà a máa lọ. Tèmi kò lọ. Ó wà níbẹ̀ títí ewé tútù onírun gígùn fi bá a níbẹ̀, tó bo òkúta, tó bo ẹnu pọ́ǹpù, tó sì ń gun ẹsẹ̀ iyùn mi, ẹ̀dá òkun abẹ̀mí tí wọ́n ń pè ní coral, lọ.

Kí ọjọ́ kẹ́ẹ̀gì tó dé, mo ti ń gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ olórí ilé ìtajà náà lórí ewé yìí, ìmọ̀ràn rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní iye tí wọ́n ń tà á. Ó kọ́kọ́ ní kí n díwọ̀n fọ́sífétì, èròjà inú omi tí ewé máa ń jẹ. Ẹ̀rọ Hanna tí mo rà lọ́wọ́ wọn kọ 10, ó sì ku díẹ̀ kí àyà mi já, nítorí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni irú ẹ̀rọ yẹn ń kà, pé ẹ gbọ́dọ̀ sọ iye náà di ìlọ́po 3.066, kí ẹ sì fi 1000 pín in, kí ó tó di mílígíráàmù fọ́sífétì nínú lítà kan. Nígbà tí mo ṣe ìṣirò náà, 0.03 ló jẹ́, ìyẹn sì dára gan-an. Olórí ní ó dáa, fọ́sífétì mi kò ga, iná mi ló pọ̀ jù. Mo dín iná kù, ewé náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé a ṣe nǹkan kan. Ó tà mí ní ìgò oògùn tó ní yóò pa á. Oògùn náà mú kí àwọn iyùn mi pa ẹnu dé, ewé sì ń dàgbà lọ ní tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tà mí ní ìṣáwùrú òkun, ó ní wọn yóò jẹ ẹ́ tán. Nassarius ni wọ́n. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ Nassarius mọ̀ pé inú yanrìn ló ń sá pamọ́ sí, òkú ẹran àti oúnjẹ tó ṣẹ́ kù ló sì ń jẹ. Wọ́n wúlò fún yanrìn mi, n kò ní purọ́ mọ́ wọn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó fi ẹnu kan ewé.

Mo gbọ́dọ̀ sọ pé ẹja wọn dára. N kò tíì rí ilé ìtajà mìíràn ní apá ibi tí mo ń gbé tí wọ́n ti ń ya ẹja tuntun sọ́tọ̀ sínú omi mìíràn kí wọ́n tó tà á, tí wọn yóò sì fún un lóúnjẹ níṣojú yín kí ẹ lè rí i pé ó ń jẹun. Gbogbo ẹja tí mo rà níbẹ̀ ló wà láàyè títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí orí káńtà. Ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nídìí àwọn àpótí iyùn lẹ́yìn gbọ́ ohùn wa. Nígbà tí olórí yípadà láti dá oníbàárà mìíràn lóhùn, ó sún mọ́ mi, ó wo orúkọ tó wà lára rìsíìtì, ó sì rọra fi Yorùbá sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n bá yín wò ó.” Ohùn Peckham, àdúgbò kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, wà nínú Yorùbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó já gaara. Ó gba ẹ̀rọ tuntun náà lọ́wọ́ mi, kò ti tèmi sẹ́yìn, ó fi àwọn méjèèjì wọn omi náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì ní kí n tẹ̀ lé òun lọ sí yàrá ẹ̀yìn.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé asẹ́ méjì ló ń da omi sínú àgbá ńlá kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ orí ògiri tó ń kọ òdo, ara asẹ́ àkọ́kọ́ nìkan ló wà. Asẹ́ kejì kò ní ẹ̀rọ ìwọ̀n kankan, rẹ́sìnì inú rẹ̀, ìyẹn àwọn hóró kéékèèké tó ń fa ohun tó yòrò kúrò nínú omi, tó yẹ kó jẹ́ aláwọ̀ búlúù, sì ti pọ́n láti ìsàlẹ̀ dé òkè, èyí tó túmọ̀ sí pé kò lè gba ohunkóhun dúró mọ́. Ọmọbìnrin náà gbé ife sí ẹnu rẹ̀, ó wọn omi tó jáde: 74. Ó ṣàlàyé fún mi láìkánjú, ó dàbí ẹni pé ó ti pẹ́ tó ti ń wá ẹni tí yóò gbọ́ ọ. Omi ẹ̀rọ Lọ́ńdọ̀nù máa ń lé ní 300 lórí irú ẹ̀rọ ìwọ̀n yìí, nítorí ó le púpọ̀, ìyẹn ni pé kálísíọ́ọ̀mù àti irú rẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Èédú yóò gba kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú rẹ̀, awọ asẹ́ yóò dá èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó kù dúró, rẹ́sìnì yóò sì kó ìyókù. Ṣùgbọ́n nígbà tí rẹ́sìnì bá fẹ́ kú, ohun tí kò dì mú dáadáa ló kọ́kọ́ máa ń jù sílẹ̀, sílíkà sì ni ọ̀gá nínú ìwọ̀nyẹn. Ẹ̀rọ ìwọ̀n wa kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí sílíkà rárá. Ìyẹn ni pé kí 38 tó jáde, àfàìmọ̀ kí sílíkà má ti máa wọ inú àpótí mi fún ìgbà pípẹ́. Bí mo ṣe mọ ohun tí diatom mi ń jẹ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ fọ́sífétì ló wá ká mi lára jù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ilé-iṣẹ́ omi máa ń fi fọ́sífétì díẹ̀ sínú omi ẹ̀rọ kí òjé inú àwọn páìpù àtijọ́ má baà máa yòrò sínú omi tí ènìyàn ń mu. Kò pa ènìyàn lára, oúnjẹ ni fún ewé. Ọmọbìnrin náà mú ẹ̀rọ Hanna wọn, ó wọn omi inú àgbá, ó ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí fóònù: 0.19. Mo bi í pé báwo ni omi tí mo ń bù sínú àpótí ṣe lè ní tó bẹ́ẹ̀ kí ti inú àpótí sì jẹ́ 0.03. Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, ewé yẹn ló ń jẹ ẹ́ kí ẹ̀rọ yín tó rí i.” Gbogbo fọ́sífétì tí n kò rí nínú omi, ó ti di irun tútù lára òkúta. Ẹni tó bá wọn omi inú àpótí nìkan nígbà tí ewé ti gbilẹ̀, ohun tí ewé jẹ kù ló ń wọ̀n. Olórí tó ní fọ́sífétì mi kò ga kò sọ èyí fún mi rí, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yìn rìsíìtì mi ló kọ ohun tí mo máa ṣe sí, mo sì ṣe é bó ṣe kọ ọ́. Kí n da ìgò oògùn nù. Kí n máa gbé òkúta jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí a bu omi àpótí sí, kí n fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín họ ewé kúrò, kí n sì da omi bọ́kẹ́ẹ̀tì náà nù, nítorí pé ewé tí a bá fà tu tí a kò kó jáde yóò rà padà sínú omi. Kí iná máa tàn fún wákàtí méje, kí n sì dín funfun inú rẹ̀ kù. Kí n ra ìṣáwùrú Trochus, èyí tó máa ń yí ara rẹ̀ padà bó bá ṣubú dojú dé, tí ewé sì jẹ́ oúnjẹ rẹ̀ gan-an. Ó fún mi ní ẹ̀kún ọwọ́ kan Chaetomorpha lọ́fẹ̀ẹ́, ewé òkun tó rí wúruwùru bíi kànìnkànìn, pé kí n gbìn ín sí àpótí ìsàlẹ̀, kí n máa tan iná sí i lálẹ́, kí ó lè máa bá ewé burúkú jẹ nínú oúnjẹ kan náà. Ó fa ìlà sábẹ́ ìkìlọ̀ kan: kí n má ṣe lé fọ́sífétì àti náítíréètì dé òdo. Bí àwọn méjèèjì bá tán pátápátá, dinoflagellate lè gba àpótí náà, ohun aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń yọ̀, tó ní ìfóófòó lára, tí irú rẹ̀ kan tilẹ̀ lè pa ìṣáwùrú. Láàárín 0.03 sí 0.1 ni kí n fi fọ́sífétì sí, kí náítíréètì sì wà ní nǹkan bíi 5 sí 10.

Ewé náà ti lọ sílẹ̀. Kò tán. Ó ṣì ń fi orí hàn ní igun kan tí omi kì í ti í fẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ iyùn ti mọ́, wọ́n sì ń ṣí ẹnu wọn láràárọ̀. Ẹ̀yìn pọ́ǹpù mi ti ń yọ àbàwọ́n àlùkò kéékèèké, èyí tí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ máa ń retí, nítorí ewé líle tó ń gba àyè lọ́wọ́ ewé onírun ni.

Ilé ìtajà náà ti pààrọ̀ rẹ́sìnì àti awọ asẹ́ kejì, wọ́n sì ti fi ẹ̀rọ ìwọ̀n sí òun náà. Olórí kò tọrọ àforíjì. Kò dá owó ẹ̀rọ tó fipá tà mí padà, kò sì sọ ohunkóhun nípa gbogbo omi tí mo ti rà ṣáájú. Ohun tó ṣe ni pé ó gbé kẹ́ẹ̀gì kan fún mi lọ́jọ́ kan láìgba owó, ó ń wo ibòmíràn nígbà tó ń gbé e. Ọmọbìnrin náà ń kàwé ní yunifásítì, ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan ló sì máa ń wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ mìíràn, ẹ óò bá olórí, ẹ ó sì bá ìgò oògùn tí ó fẹ́ tà fún yín.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ibẹ̀ ni mo ṣì ti ń ra omi, ibẹ̀ náà ni mo sì ti máa ra iyùn tó kàn. Ẹ tètè lọ o, nítorí kẹ́ẹ̀gì méjì wúwo, àyè ìgbọ́kọ̀sí kì í sì í sí lójú títì náà mọ́ tí ó bá ti kọjá agogo mọ́kànlá.