Baba Is You: ṣé géèmù tó le tó báyìí yẹ ọmọdé?

Bí ọmọ yín bá ti lè ka gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kéékèèké fúnra rẹ̀, ẹ ra Baba Is You fún un. Bí kò bá tíì lè kà á, ẹ jẹ́ kó dúró ná. Ibi tí mo fàbọ̀ sí nìyẹn lẹ́yìn tí àwọn ọmọ mi méjèèjì ti fi ìsinmi ilé-ìwé gbá a nílé wa ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo níbí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ẹ̀gbọ́n, obìnrin ni. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé mẹ́fà.

Arvi Teikari, ará Finland, ló ṣe géèmù náà. Ibi ìdíje kan tí wọ́n ń pè ní Nordic Game Jam ló ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2017, ó jáde fún kọ̀ǹpútà àti Nintendo Switch ní 2019, ti fóònù sì dé ní 2021. Ti fóònù la rà. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa sanwó. Kò sí ìpolówó ọjà tó ń já lu ọmọ lójú, kò sí ibi tí wọ́n ti ń ní kó wá ra nǹkan kún un, kò sì nílò dátà mọ́ tó bá ti wà lórí fóònù. Ìyá tó ti rí bí owó ṣe ń pòórá lórí fóònù lọ́wọ́ ọmọ á mọ̀ pé èyí kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ẹranko funfun kékeré kan tó ń jẹ́ Baba lẹ ó máa darí. Àwọn òfin eré náà wà lójú ibẹ̀ gan-an, wọ́n kọ wọ́n sára búlọ́ọ̀kù: WALL IS STOP, ROCK IS PUSH, FLAG IS WIN. Ọmọ lè ti àwọn ọ̀rọ̀ náà kúrò láyè wọn. Tó bá ti STOP kúrò, ògiri kò dá a dúró mọ́, á gba inú rẹ̀ kọjá. Tó bá ti ROCK sí ipò FLAG, òkúta ló di ohun tó máa fi borí. Kò sí ìbọn, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí aago tó ń lé èèyàn.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni bọ́tìnì tó ń dá èèyàn padà sẹ́yìn, ìṣísẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, títí dé ìbẹ̀rẹ̀, láìsí ìyà kankan. Ọmọ mi obìnrin máa ń sunkún tí ìṣirò bá dà á láàmú. Nínú géèmù yìí, ó fọwọ́ ara rẹ̀ tú BABA IS YOU, òfin tó jẹ́ kó lè máa darí Baba, ká, orin dákẹ́, ohunkóhun kò lè rìn mọ́. Ó kàn tẹ bọ́tìnì, ó padà, ó sì gba ọ̀nà mìíràn. Mo ń wò ó, inú mi dùn gan-an.

Ti àbúrò rẹ̀ yàtọ̀. Ó dá YOU àti WIN mọ̀, ṣùgbọ́n DEFEAT, SINK àti MELT kò yé e, ó kàn ń ti ọ̀rọ̀ kiri bí ẹni tó ń ta ayò láì ka ọmọ ayò. Nígbà tó yá, ó fi í sílẹ̀, èmi náà kò sì fipá mú un.

Ó le o. Ìpele inú rẹ̀ ju 200 lọ, àwọn àkọ́kọ́ rọrùn, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi le koko, àwọn kan sì wà tí èmi àti bàbá wọn jókòó tì títí iná fi lọ. Ẹ má retí kí ọmọ parí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìpele ló máa ń ṣí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè fi èyí tó le sílẹ̀ kó lọ síbòmíràn.

Àwa àgbà lẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù. Àbúrò ọkọ mi kan wá kí wa láti Ẹdẹ, ó gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ mi obìnrin, ó sì yanjú ìpele tó ti ń rò láti àárọ̀. Ó rò pé òun ṣe é lóore. Ọmọ náà dìde kúrò níbẹ̀, kò fọwọ́ kan géèmù náà mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Láti ìgbà náà, bó bá ti rí i pé mo sún mọ́ ọn, á ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi o!” Mi ò sì ní sọ. Ohun tí mo máa ń bi í ni pé, “Òfin wo ló wà ní igun tí ọwọ́ rẹ kò lè dé? Èwo ló ṣeé tì?” Ìbéèrè yẹn tó o. Fídíò ìdáhùn kún íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má fi hàn án.

Bí ẹ bá ní táblẹ́ẹ̀tì, orí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi sí. Lójú fóònù kékeré, ọ̀rọ̀ ara búlọ́ọ̀kù kéré fún ojú ọmọ, ìka a sì máa ṣì í tẹ̀.