Wáyà Sípíkà Olówó Pọ́ọ́kú: Èwo Ló Yẹ Pálọ̀ Yín?

Nínú wáyà sípíkà, bàbà lẹ̀ ń fowó rà. Àwọ̀ rọ́bà, orúkọ tó wà lára páálí, ẹnu tí wọ́n kùn bíi góòlù, ọ̀ṣọ́ ni gbogbo ìyẹn. Bí bàbà inú rẹ̀ bá nípọn tó, tí wáyà náà ò sì gùn jù, áńpù yín ò ní mọ̀ bóyá wáyà olówó gọbọi lẹ so mọ́ ọn tàbí èyí tí oníná fi ń so fáànù. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó kó owó lọ sí Kútọ̀ tàbí Pánṣẹ́kẹ́, kí ọlọ́jà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ki wáyà ní oríkì fún un.

Ẹ̀rọ tí mo ní lọ́kàn ni irú èyí tó wà nílé ọ̀pọ̀ wa l'Ábẹ́òkúta: áńpù tòkunbọ̀, ì báà jẹ́ Sony, Pioneer, Kenwood tàbí Technics, pẹ̀lú sípíkà onígi méjì nínú pálọ̀. Ti òde àríyá ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn yẹn ní wáyà tiwọn.

Ohun tó ń ba ohùn jẹ́

Kò sí wáyà tí kì í dènà iná díẹ̀. Tín-ín-rín ń dènà ju èyí tó nípọn lọ, gígùn sì ń dènà ju kúkúrú lọ. Ohm ni wọ́n fi ń wọn ìdènà yìí. Ẹ wo ẹ̀yìn sípíkà yín, wọ́n á ti kọ iye tirẹ̀ síbẹ̀: 8 ohm, 6 ohm tàbí 4 ohm. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ ohùn ń tẹ̀ lé ni pé kí ìdènà wáyà, àlọ àti àbọ̀, má ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye yẹn lọ. Sípíkà 8 ohm, 0.4 ohm ni ààlà wáyà rẹ̀. Sípíkà 4 ohm, 0.2. Lórí ààlà yìí, ohun tó sọnù nínú ohùn ò tó ìdajì decibel (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ròkè tó), agbára káká ni etí fi máa mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọjá rẹ̀ lọ jìnnà, béèsì á dẹ̀, agídìgbo inú àwo àpàlà á sì máa dún bí ẹni pé wọ́n fi ìbora bò ó.

Bí ẹ bá ń wọn ilé, ọ̀nà tí wáyà máa gbà gan-an ni kí ẹ wọ̀n. Sípíkà lè wà ní mítà mẹ́ta sí áńpù, ṣùgbọ́n bí wáyà bá gba ìdí ògiri, tó gun orí ilẹ̀kùn, tó tún sọ̀ kalẹ̀, ó lè di mẹ́jọ. Ẹ fi ìdajì mítà lé e lórí kọ̀ọ̀kan, torí ọjọ́ tí ìyàwó ilé bá ní kí wọ́n gbé àga síbòmíì ń bọ̀.

Pupa-òun-dúdú

Èyí ni gbogbo wa mọ̀. Àwọn tó ń so rédíò mọ́tò ń lò ó, ó sì rọrùn láti bó. Àwọ̀ méjì tó ní ń jẹ́ kí ẹ dá ẹnu + mọ̀ yàtọ̀ sí ẹnu −. Àléébù rẹ̀ ni pé èyí tó pọ̀ lọ́jà kì í ju 0.5 tàbí 0.75 lọ (bí bàbà inú wáyà ṣe nípọn tó nìyẹn, ní milimítà onígun mẹ́rin, mm²). Bí 0.5 bá jẹ́ bàbà gidi, ó lè gbé sípíkà 8 ohm dé mítà márùn-ún. Ìyẹn tó fún ẹni tí sípíkà rẹ̀ wà ní apá ọ̀tún àti apá òsì tẹlifíṣọ̀n. Fún sípíkà 4 ohm, mítà méjì àbọ̀, ó parí.

Aláwọ̀ dígí

Èyí ni kí ẹ la ojú sí. Rọ́bà rẹ̀ mọ́ gaara, ẹ̀ ń rí fọ́nrán tó ń dán nínú, apá kan pupa, apá kejì funfun, ó sì kún ọwọ́. Rọ́bà tó mọ́ gaara yẹn fúnra rẹ̀ ń mú kí fọ́nrán inú hàn tóbi ju bó ṣe jẹ́ lọ. Ẹni tó bá fi ojú lásán rà á, ojú ló máa tàn án.

Funfun yẹn kì í ṣe fàdákà, bó ti wù kí ẹni tó ń tà á búra tó. Bàbà tí wọ́n fi tánńganran bò ló yẹ kó jẹ́, kí ẹ lè mọ apá kan yàtọ̀ sí ìkejì. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Wàhálà wà níbi tí ohun tó wà lábẹ́ kì í bá ṣe bàbà rárá, tó jẹ́ alumíníọ́mù tí wọ́n fi bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò. Ohun tí wọ́n ń pè ní CCA nìyẹn. Ìdènà rẹ̀ lé díẹ̀ ní ìlọ́po kan àbọ̀ ti bàbà, nítorí náà CCA 1.5 kò ju bàbà 1.0 lọ lẹ́nu iṣẹ́. Ó tún tètè ń já níbi tí wọ́n bá ti ń ṣẹ́ ẹ síwá sẹ́yìn.

Kì í ṣe pé kí ẹ má rà á o. Bí wọ́n bá kọ CCA sára rẹ̀, tí owó rẹ̀ sì wálẹ̀ dáadáa ju ti bàbà lọ, ẹ ra èyí tó nípọn, yóò ṣiṣẹ́. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kí ènìyàn san owó bàbà kó gbé alumíníọ́mù délé.

Bẹ́ẹ̀ ni kò le láti mọ̀. Ẹ ní kí ọlọ́jà bó orí rẹ̀ díẹ̀ fún yín. Ẹ fa fọ́nrán kan ṣoṣo yọ láti apá pupa, ẹ tẹ́ ẹ sórí káńtà, kí ẹ fi abẹ họ ọ́. Bí bàbà bá ni, bí ẹ ti ń họ ọ́ ni pupa á máa yọ. Bí funfun bá yọ lábẹ́ pupa, ẹ ti rí i. Ní apá funfun, òdìkejì lẹ̀ ń wá: kí pupa yọ lábẹ́ funfun. Bí kò bá sí abẹ, iná láítà á sọ òótọ́. 660 ni alumíníọ́mù ń yọ́ lórí òṣùwọ̀n Celsius, bàbà di 1085. Fọ́nrán alumíníọ́mù á rọ, á ká kò, á sì já bọ́ lójú yín. Ti bàbà á pọ́n, á dúdú, á dúró. Bí ẹ bá ní òòfà kékeré lápò, ẹ fi kàn án. Bàbà ò bá òòfà ṣeré, bẹ́ẹ̀ náà ni alumíníọ́mù. Bí òòfà bá gbé e, irin ló wà nínú rẹ̀. Ẹ kí ọlọ́jà pé ó dàárọ̀, kí ẹ máa lọ.

Bí ọlọ́jà bá ń ráhùn pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ojúlówó ni,” ẹ má bá a jà. Ẹ sọ fún un pé, “Àbúrò, gé mítà kan péré fún mi.” Ẹ gbé e lọ ilé, ẹ họ ọ́ níbẹ̀, kí ẹ tó padà wá ra ìyókù.

Ẹ máa rí OFC lára àwọn páálí kan, ìyẹn bàbà tí wọ́n yọ afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti bàbà tí wọ́n fi ń ṣe wáyà iná lásán, nínú gbígbé iná, kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Mi ò lè sanwó lé e lórí nítorí ìyẹn.

Flex tí oníná ń tà

Òun ni mo máa rà, mi ò sì ní fi pamọ́. Ẹ kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta rédíò, ẹ lọ bá àwọn tó ń ta èèlò iná, ẹ béèrè wáyà flex 1.5 onímójú méjì (ìyẹn tó ní wáyà méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú rọ́bà kan), èyí tó rọ̀ tí fọ́nrán pọ̀ nínú rẹ̀. Iná ilé ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n iná ohùn tó ń ti ara áńpù jáde ò mọ ìyàtọ̀. Ní 1.5, sípíkà 8 ohm lè wà ní mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, 4 ohm ní méje àbọ̀. Pálọ̀ wo ló tún kù?

Onímójú mẹ́ta ló máa ń wọ́pọ̀ jù: búráùn, búlúù, àti aláwọ̀ ewé tó ní ìlà yẹ́lò. Bí kò bá sí onímójú méjì, ẹ rà á, kí ẹ lo búráùn àti búlúù, kí ẹ gé ìkẹta kù sẹ́yìn, kí ẹ fi téèpù wé orí rẹ̀.

Wọ́n ń ṣe wáyà ní Nàìjíríà níbí. Coleman ní iléeṣẹ́ ní Àrépo àti Ṣágámù nínú ìpínlẹ̀ Ògùn wa, Cutix wà ní Nnewi. Orúkọ yòówù kí ẹ bá lára rẹ̀, ẹ ka fọ́nrán. Flex 1.5 máa ń ní fọ́nrán 30, tí ìbú kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.25 milimítà. Flex 2.5 máa ń ní 50 irú fọ́nrán bẹ́ẹ̀. Flex 0.75 ní 24, ṣùgbọ́n ti 0.20 ni. Bí ẹ bá bó 1.5 tí ẹ ka fọ́nrán 18, wọ́n ti yan yín jẹ. Iye nìkan ò sì tó: ọgọ́rùn-ún fọ́nrán tó tín-ín-rín bíi 0.10 ò pé 0.8 lápapọ̀. Ẹ kà á, kí ẹ sì wo bó ṣe nípọn.

Ṣé kí ẹ ra 2.5? Bí sípíkà yín bá jẹ́ 4 ohm tó sì jìnnà, bẹ́ẹ̀ ni. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹnu ẹ̀yìn áńpù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹnu kékeré tí wọ́n ń tẹ̀, tó ní sípíríńgì, kì í sábà gba 2.5. Àwọn kan máa ń gé fọ́nrán díẹ̀ kúrò kó lè wọlé. Ìyẹn ò ba ohùn jẹ́, torí ibi tí wọ́n gé ò gùn, àmọ́ fọ́nrán kan tó yọ síta tó lọ kan ẹnu kejì lè sun áńpù. Ẹ lọ́ orí rẹ̀ pọ̀ dáadáa kí ẹ tó tì í wọlé. Èyí tí wọ́n ń yí bíi nọ́ọ̀tì gbà á láìsí ìyọnu.

Wáyà ẹlẹ́yọ kan líle tó ṣẹ́ kù nígbà tí ẹ ń kọ́lé, 1.5 tí wọ́n fi so gílóòbù tàbí 2.5 tí wọ́n fi so sọ́kẹ́ẹ̀tì, náà dára. Ẹ lọ́ méjì pọ̀ mọ́ra. Kò kàn fẹ́ kí wọ́n máa ṣẹ́ ẹ kiri.

Wáyà kọ̀ǹpútà

Ẹni tó bá ní Cat5e, ìyẹn wáyà tí wọ́n fi ń so kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ra, tó kù nílé lè so fọ́nrán aláwọ̀ mẹ́rin pọ̀ sí ẹnu +, kó so mẹ́rin onífunfun pọ̀ sí ẹnu −. Ó máa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 0.8. Ẹ họ òun náà wò, CCA wà nínú tirẹ̀. Fún ẹni tó fẹ́ lọ ra tuntun, mi ò rí ìdí rẹ̀, torí bíbó ẹnu mẹ́jọ náà ò ṣeé fẹnu sọ.

Bí wọ́n ṣe lè jìnnà tó nìyí, ní mítà:

| Wáyà | Sípíkà 8 ohm | Sípíkà 4 ohm |
|---|---|---|
| Bàbà 0.5 | 5 | 2.5 |
| Bàbà 0.75 | 7.5 | 3.5 |
| Cat5e, mẹ́rin sí mẹ́rin | 8.5 | 4 |
| CCA 1.5 | 9.5 | 4.5 |
| Bàbà 1.5 | 15 | 7.5 |
| Bàbà 2.5 | 25 | 12.5 |

Ní ti owó, iye orí wáyà ń bá dọ́là lọ sókè sódò, nítorí náà bàbà inú rẹ̀ ni kí ẹ fi díwọ̀n. Ẹ pín owó mítà kan sí ìwọ̀n tó wà lára wáyà. Ká ní wọ́n pe pupa-òun-dúdú 0.5 ní ₦300, wọ́n sì pe flex 1.5 ní ₦600. Ojú máa ní èkíní ló pọ́ọ́kú, àmọ́ ₦600 lẹ̀ ń san lórí milimítà onígun mẹ́rin bàbà kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, nígbà tí ti flex jẹ́ ₦400. Bí wọ́n bá pe CCA 1.5 ní ₦500, ẹ pín in sí 1.0 dípò 1.5. Ọ̀wọ́n ni.

Síso ó

Wáyà tó dára jù lọ ò lè gba yín bí ẹ bá so sípíkà kan ní òdì. Bí ọ̀kan bá ń tì síwájú nígbà tí ìkejì ń fà sẹ́yìn, wọ́n á máa pa béèsì ara wọn. Sípíkà àtijọ́ tí àmì + rẹ̀ ti parẹ́, ẹ yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára áńpù pátápátá, ẹ mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì 1.5 volt, kí ẹ fi wáyà méjèèjì kan orí àti ìdí rẹ̀ wéré, kí ẹ sì yọ ọ́. Ẹ máa wo páálí ojú sípíkà. Bó bá tì jáde, wáyà tó wà ní orí bátìrì ni +. Bó bá wọlé, ẹ yí i padà. Ẹ fi téèpù pupa sàmì sí i.

Lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, orí bàbà tó wà níta á ti dúdú tàbí kó yọ àwọ̀ ewé. Ẹ gé e dànù, kí ẹ bó òmíràn. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ ra ìdajì mítà lé nìyẹn náà. Ẹ má sì gbà á gba ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ, torí eku.

Èyí tó bá kù nínú pupa-òun-dúdú tàbí aláwọ̀ dígí, ẹ má fi ṣe ẹ̀kítẹ́ńṣọ̀n fún fáànù tàbí áyọ́ọ̀nù. Wọn ò ṣe rọ́bà rẹ̀ fún iná NEPA, bàbà inú rẹ̀ ò sì tó gbé áyọ́ọ̀nù. Flex 1.5 onímójú mẹ́ta tó kù lè ṣe ẹ̀kítẹ́ńṣọ̀n fáànù, bí ẹ kò bá tíì gé mójú kẹta rẹ̀.