Ta ni kó darí ìtọ́jú ọpọlọ ọ̀dọ́: dókítà nìkan, tàbí gbogbo ikọ̀?

Níbi tí dókítà ọpọlọ ti jẹ́ olórí, ìpinnu máa ń yá. Bí ọmọ kan bá ní òun fẹ́ pa ara òun, kò sí àríyànjiyàn lórí ẹni tó máa pàṣẹ. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó mọ bí ilé ọmọ náà ṣe rí lè dákẹ́ nípàdé, kí ọ̀rọ̀ gidi sì bọ́ sọnù.

Níbi tí wọ́n ti jọ pín àṣẹ, ẹni tó sún mọ́ ọmọ jù ló ń ṣe kòkáárí ìtọ́jú rẹ̀, ì báà ṣe nọ́ọ̀sì tàbí agbaninímọ̀ràn. Èyí ni mo fara mọ́, torí ọmọ ọdún 15 kì í sábà tú àṣírí fún ẹni tó ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kedere: ta ló ń kọ oògùn, ta ló ń bá òbí sọ̀rọ̀, ta ló máa dáhùn bí nǹkan bá yíwọ́.