Ìlàrí òde òní: àyẹ̀wò àkójọ ọ̀rọ̀ àwọn ikọ̀ Amẹ́ríkà tó wà lọ́fẹ̀ẹ́

Bí Aláàfin bá ní iṣẹ́ tó fẹ́ jẹ́ fún ìlú kan láyé àtijọ́, ìlàrí ló máa rán. Ìlú tó bá wà lábẹ́ Ọ̀yọ́, àjẹ́lẹ̀ ló máa fi síbẹ̀, kí ó máa gbé ibẹ̀, kí ó máa ṣọ́ bí nǹkan ṣe ń lọ. Ṣùgbọ́n ìlàrí kì í jókòó ti akọ̀wé kí ó ní báyìí ni mo ṣe jẹ́ iṣẹ́ náà, ibi tí mo ti ṣì í rèé. Ikọ̀ Amẹ́ríkà, ẹni tí ìjọba wọn ń rán lọ ṣojú rẹ̀ ní ilẹ̀ mìíràn, máa ń jókòó, ohun tí wọ́n sì sọ ni a fẹ́ yẹ̀ wò níbí.

Association for Diplomatic Studies and Training, ADST ni wọ́n ń gé e sí, ló ń ṣe iṣẹ́ náà láti 1986. Wọ́n á wá ikọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì kàn, wọ́n á bi í láti ibi tí wọ́n bí i sí títí dé ọjọ́ tó kó ẹrù kúrò ní ọ́fíìsì, wọ́n á gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á sì kọ ọ́ jáde ní ìbéèrè àti ìdáhùn. Àwọn tí wọ́n ti bá sọ̀rọ̀ ti lé ní 2,500. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀ lórí adst.org, Library of Congress náà ní i lórí tiwọn, Frontline Diplomacy ni wọ́n pè é níbẹ̀. Kò sí páàsíwọ̀dù, kò sí nọ́ńbà káàdì báńkì. Ẹ̀ẹ̀kan tí dátà bá ti wà, ó parí.

Thomas Pickering ni ẹni tó dáa jù láti fi dán an wò, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ kan Nàìjíríà lẹ́ẹ̀méjì, ó sì gun àtẹ̀gùn náà dé òkè pátápátá. Wọ́n bí i ní 1931 ní Orange, ìpínlẹ̀ New Jersey. Ó jáde ní Bowdoin College ní 1953, ó gba Fletcher School kọjá, owó Fulbright gbé e dé Melbourne ní Ọsirélíà, ó wá ṣe iṣẹ́ ológun ojú omi títí di 1959 tó wọ iṣẹ́ ikọ̀. Ibi méje ló ti ṣe ikọ̀ àgbà: Jọ́dánì ní 1974, Nàìjíríà ní 1981, El Salvador ní 1983, Ísírẹ́lì ní 1985, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 1989, Íńdíà ní 1992, Rọ́ṣíà ní 1993. Òun ló wà ní àga Amẹ́ríkà nínú Ìgbìmọ̀ Ààbò nígbà tí Ìráàkì wọ Kùwéètì ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ 1990. Oyè Career Ambassador tí wọ́n fi dá a lọ́lá, wọ́n máa ń fi wé ọ̀gágun onírawọ̀ mẹ́rin, ẹni tó fi iṣẹ́ náà jẹun láti kékeré nìkan ló sì ń jẹ ẹ́. Walter Carrington tí Èkó fi orúkọ rẹ̀ sọ òpópónà, nítorí bó ṣe dúró ti àwọn tó ń bá Abacha fà á, kò sí nínú irú wọn. Ààrẹ ló yàn án láti ìta.

Láti rí fáìlì, ẹ má dààmú ara yín nínú àpótí ìwákiri tiwọn. Ẹ lọ sí Google, kí ẹ kọ site:adst.org Pickering Nigeria. Kí àyè má wà láàárín ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn, láti site títí dé org. Bí àyè bá wọ̀ ọ́, Google á kà á sí ọ̀rọ̀ lásán, á sì kó gbogbo ayé wá bá yín.

PDF ni fáìlì náà. Orúkọ ikọ̀ àti ti ẹni tó bi í léèrè ló wà níwájú (ẹ máa rí Charles Stuart Kennedy lọ́pọ̀ ìgbà, bàbá ètò náà nìyẹn), lẹ́yìn rẹ̀ ni àkóónú: ibi tó ti kàwé, ìlú tí wọ́n gbé e lọ, ọdún tó lò níbẹ̀, àti gbólóhùn kúkúrú kúkúrú lórí ohun tó sọ. Àkóónú yìí ló ń da àwọn ènìyàn láàmú. Kò ní nọ́ńbà ojú ìwé, kò sì ṣe é tẹ̀ kí ó gbé yín lọ síbi tí ẹ fẹ́. Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan tó ṣọ̀wọ́n lára ohun tí ẹ ń wá, kí ẹ fi í wá inú fáìlì. Bí ẹ bá fi Lagos wá ọdún tí Pickering lò ní Nàìjíríà, ọwọ́ á ro yín. Shagari yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí kọ̀ǹpútà, Ctrl àti F ni. Lórí fóònù, ẹ dáńlóòdù fáìlì náà ná kí ẹ tó ṣí i, torí pé lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń ṣí PDF fúnra rẹ̀ kì í fún yín láyè láti wá ọ̀rọ̀.

Ohun tó kù tó máa ń bí ènìyàn nínú ni bí wọ́n ṣe kọ orúkọ wa. Kò sí àmì. Ẹni tó bá kọ Ọ̀yọ́ tòun ti àmì, òfo ló lè bá bọ̀. Bí ẹ bá sì kọ Oyo gbọlọjọ, gbogbo Toyota tó wà nínú ìwé ló máa dá yín lóhùn, nítorí oyo wà nínú Toyota. Ẹ sàmì sí ibi tí wọ́n kọ Whole words sí, tàbí kí ẹ fi àyè sí iwájú àti ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà. Ògbómọ̀ṣọ́ ní tirẹ̀, Ogbomosho pẹ̀lú h ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Òyìnbó ìgbà náà ń kọ ọ́.

Bí ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo kò bá tó yín, ẹ gba Country Reader ti Nàìjíríà. Nínú rẹ̀, wọ́n gé ibi tó kan ilẹ̀ wa kúrò nínú ọ̀rọ̀ ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tò ó bí ọdún ṣe ń tẹ̀lé ara wọn. Iwájú ìwé náà wúlò gan-an: orúkọ, ipò, ìlú àti ọdún jọ wà lójú kan. Ẹ wo àwọn tí wọ́n kọ Ibadan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ wọn, torí Amẹ́ríkà ní kọ́ńsúlétì, ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ ikọ̀, níbẹ̀ nígbà kan, bíi ti Kàdúná àti Enugu. Àwọn ọdún 1962 sí 1966 ni kí ará Ọ̀yọ́ kọ́kọ́ kà, láti ìjà ilé ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn dé wẹ́tìẹ̀. Ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ wá Akintola. Ọmọ yín ló ń ṣe ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, títí wọ́n fi pa á ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní 1966, Ìbàdàn tó ti ń ṣe ìjọba náà sì ni ọ́fíìsì àwọn kọ́ńsù wọ̀nyí wà. Fáìlì yìí wúwo. Ẹ gbà á níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti dúró. PDF tó bá já láàárín kì í ṣí.

Èdè wọn ń fẹ́ sùúrù. Post kì í ṣe ilé ìfìwéránṣẹ́, ìlú tí wọ́n gbé ènìyàn lọ ni. Mission kì í ṣe ti Onítẹ̀bọmi tí Ògbómọ̀ṣọ́ ti mọ̀ láti ìgbà tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ ìsìn sílẹ̀ ní 1898. Ilé-iṣẹ́ ikọ̀ ni. Cable jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí Washington. DCM ni igbákejì ikọ̀ àgbà, ẹni tó ń tọ́jú ilé lójoojúmọ́. Pickering ṣe é ní Dar es Salaam láti 1967 sí 1969. PNG ni pé ìjọba ìlú tí wọ́n rán yín lọ ní kí ẹ máa lọ sílé yín. Frank Carlucci, ikọ̀ Amẹ́ríkà kan, ni ẹ ó fi mọ̀ ọ́n: ní 1965, Tanzania lé e kúrò ní Zanzibar, Pickering ló sì lọ jókòó sí àga rẹ̀. Ẹ má fi Google Translate ka àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ẹ kọ wọ́n sí béébà kan kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ yín.

Ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀ùn, òun ló sì fún àkójọ yìí ní adùn. Ibi tó kù sí ni pé oníkàn yìí ti yẹ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ wò kí wọ́n tó gbé e jáde. ADST máa ń dá ìwé náà padà fún ẹni tó sọ̀rọ̀, kí ó tún un ṣe, kí ó fà á gùn, kí ó sì gé ohun tí kò bá fẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ogún ọdún tàbí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sọ̀rọ̀, ọdún a sì máa yí mọ́ ara wọn lọ́wọ́ nínú orí àgbà. Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ kọ sínú iṣẹ́ yín, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní history.state.gov, níbi tí Ọ́fíìsì Òpìtàn ìjọba Amẹ́ríkà to àwọn ikọ̀ sí ní orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n gbé ìwé àṣẹ fún olórí wa àti ọjọ́ tí wọ́n lọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Òun ló máa fi hàn yín pé Pickering ti kúrò ní Nàìjíríà kí àwọn ológun tó lé Shagari ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 1983. Ẹni tó bá ń wá ìtàn bí Buhari ṣe dé lẹ́nu rẹ̀, inú òkùnkùn ló ń ta ọfà sí.

Ọ̀rọ̀ 1998 ló gbóná jù. Pickering ti padà dé, kì í ṣe ikọ̀ mọ́, ó ti di ọ̀kan nínú àwọn àgbà ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkè òkun Amẹ́ríkà ní Washington. Abacha kú ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà. Ní ọjọ́ 7 oṣù keje, Pickering, Susan Rice tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ Áfíríkà ní ilé-iṣẹ́ náà, àti William Twaddell tó jẹ́ ikọ̀ àgbà ní Nàìjíríà jókòó ti M.K.O. Abiola ní Àbújá. Wọ́n gbé tíì wá, ara Abiola yí padà níṣojú wọn, ó sì kú lọ́jọ́ náà. Àwọn dókítà tó wá láti òkè òkun yẹ òkú rẹ̀ wò, wọ́n ní àrùn ọkàn ni. Títí di ìsinsìnyí, ẹ ò lè dá ọ̀rọ̀ tíì yẹn sílẹ̀ ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀ kan ní Takie, Ògbómọ̀ṣọ́, kí ó má di iyàn. Ẹni tó bá torí rẹ̀ ṣí àkójọ yìí, kí ó wá Abiola, Rice àti Twaddell lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó sì wo ọdún tí wọ́n bá ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ kí ó tó ka ìlà kan. Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni.

Bí ẹ bá fẹ́ pírínìtì ní Under G, Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tẹ gbogbo fáìlì. Ẹ kọ ojú ìwé tí ẹ fẹ́ sínú àpótí Pages, bíi 213-236. Ojú ìwé 24 nìyẹn. Bí wọ́n bá tẹ méjì sí ojú béébà kan, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, béébà mẹ́fà péré ló máa jẹ́. Nọ́ńbà tí ẹ̀rọ kà ni kí ẹ lò, ó lè má bá èyí tó wà lára ìwé mu. Béébà Letter ti Amẹ́ríkà ni wọ́n fi to ìwé náà, ó fẹ̀ ju A4 wa lọ ní mìlímítà 6, ó kúrú jù ú ní 18, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n tẹ Fit kí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún má baà fún pọ̀.

Nínú 10, a fún un ní 8. Méjì tí a yọ, ọ̀kan fún àkóónú tí kò ní nọ́ńbà, ọ̀kan fún orúkọ wa tí wọ́n ń bà jẹ́.

Ẹ máa rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ orúkọ Pickering lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ ìlú Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n ṣí i fún. Ẹni tó bá wá ta fọ́ọ̀mù rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, yunifásítì Ògbómọ̀ṣọ́, gbájúẹ̀ ni.