Gíábọ́ọ̀sì àti kílọ́ọ̀ṣì wo ló bá ẹ́ńjìnnì rótárì mu? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ rà

Ẹni tó ti ra 13B, ẹ́ńjìnnì rótárì Mazda tí rótọ̀ onígun mẹ́ta ń yí nínú rẹ̀ dípò písítìnnì, tó fẹ́ gbé e sínú ọkọ̀ tí wọn ò ṣe é fún, gíábọ́ọ̀sì àti kílọ́ọ̀ṣì ló kàn án. Ibẹ̀ gan-an lowó ti ń ṣòfò, nítorí ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ń gbé lọ sọ́jà ni, “Èwo ló le jù?” Èyí tó yẹ kó ṣáájú ni pé: lórí gíà kìíní, ìgbà mélòó ni ẹ́ńjìnnì yóò yí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan?

Ohun tó fà á ni pé agbára rótárì kò sí nísàlẹ̀, ìyẹn nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí díẹ̀díẹ̀. Renesis, ẹ́ńjìnnì rótárì tó wà nínú Mazda RX-8, kò fún ènìyàn ní gbogbo 216 N·m (ìwọ̀n agbára yíyí) rẹ̀ àfi tó bá ń yí nígbà 5,500 ní ìṣẹ́jú kan. 13B-REW ti Mazda RX-7 FD (RX-7 ìran kẹta), tòun ti tọ́bò méjì tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀, 5,000 ló ti ń dé 294 N·m. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ nílò gíà tí yóò bá a gbé ọkọ̀ kúrò lójú kan.

Ẹ wo iye yìí. Mo fi dífù (gíà ìkẹyìn tó ń yí táyà) 4.10 ṣírò gbogbo wọn, àfi RX-8 tí mo fi dífù tirẹ̀, 4.44, ṣírò:

RX-7 FD, gíà kìíní 3.483: ẹ́ńjìnnì yí ní 14.3 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan.
RX-8 oní-gíà mẹ́fà, 3.760: 16.7.
Nissan CD009 (inú 350Z), 3.794: 15.6.
Tremec T56 (gíábọ́ọ̀sì oní-gíà mẹ́fà), 2.66: 10.9.

T56 yìí ni àwọn ènìyàn ń pọ́n jù, òótọ́ sì ni pé kì í tètè fọ́. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ńlá tó ní agbára láti ìsàlẹ̀, bíi V8 àti V10, ni wọ́n ṣe é fún. Kó tó lè gbé rótárì kúrò lójú kan bíi ti FD, dífù yín gbọ́dọ̀ sún mọ́ 5.4. Gíà kẹfà rẹ̀ tún jẹ́ 0.50: tí ẹ bá fi dífù 4.10 ń sáré 100 km/h lórí táyà tí àyíká rẹ̀ tó mítà 1.95, ẹ́ńjìnnì yóò máa yí ní bíi 1,750, níbi tí rótárì kò ti ní nǹkan kan láti fún yín. Gíà karùn-ún FD, 0.719, yóò gbé e sí bíi 2,500. Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ kúrò lọ́dọ̀ Mazda nítorí pé tọ́bò yín tóbi gan-an, CD009 ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ó tóbi, ó sì wúwo, nítorí náà ẹ wọn ihò àárín ilẹ̀ ọkọ̀ yín kí ẹ tó sanwó. Òun àti T56 kò sì lè so mọ́ rótárì láìsí irin àlùsopọ̀ láàárín wọn.

Nínú ti Mazda fúnra rẹ̀, gíábọ́ọ̀sì FC (RX-7 ìran kejì) tí kò ní tọ́bò fúyẹ́, ó sì tó fún ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò. Ẹ má fi í sẹ́yìn tọ́bò.

Ìjà gidi wà láàárín FC Turbo II (FC tó ní tọ́bò) àti FD. Agbára wọn kò jìnnà síra, ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ìdúró. FC ní ibi tí wọ́n ń so ó mọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ bíi ti ọkọ̀ gbogbo. FD kò ní in: irin gígùn kan ló so ó mọ́ dífù lẹ́yìn, irin yẹn ló sì gbé e dúró. Ẹni tó bá gbé gíábọ́ọ̀sì FD sínú ọkọ̀ mìíràn, ó di dandan kó rọ ìdúró tuntun fún un. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé Turbo II ni fún ọkọ̀ tí kì í ṣe RX-7. Bákan náà ni ìdúró RX-8 rí, ó sì tún ní àléébù kejì. Ìdílé gíábọ́ọ̀sì yìí kan náà ló wà nínú MX-5 àti Silvia S15. Gíà rẹ̀ dára fún Renesis lọ́pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n tọ́bò ńlá yóò jẹ eyín rẹ̀.

Ẹni tó ra 20B, rótárì oní-rótọ̀ mẹ́ta, ẹ gbọ́ o: Eunos Cosmo, ọkọ̀ Mazda tí wọ́n yọ ọ́ nínú rẹ̀ (ó jáde ní 1990), kò ní gíà ọwọ́ rí, ọ̀tọ̀mátíìkì nìkan ni. Gíábọ́ọ̀sì RX-7 tọ́bò ni ọ̀pọ̀ ń so mọ́ ọn.

Kílọ́ọ̀ṣì ló kù, níbẹ̀ sì ni ìdàrúdàpọ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Irin ìdọ́gba tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbọ̀n ń tẹ̀lé rótọ̀, torí ìwúwo rótọ̀ yàtọ̀ láti ọdún dé ọdún. Fláíwíìlì (àgbá irin lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì tí kílọ́ọ̀ṣì ń so mọ́) tó bá Mazda wá láti ilé ní in lára. Fláíwíìlì aluminiomu fífúyẹ́ kò ní in, ẹ ó rà á lọ́tọ̀, irú èyí tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ọ̀tọ̀mátíìkì. Díìsìkì ń tẹ̀lé gíábọ́ọ̀sì: ti FC tí kò ní tọ́bò ní eyín 22, ti tọ́bò ní 23. Bẹ́árìnnì kílọ́ọ̀ṣì náà ń tẹ̀lé gíábọ́ọ̀sì àti kọ́fà rẹ̀ (irin tó ń tẹ díìsìkì mọ́ fláíwíìlì): ti Turbo II ń tì, ti FD ń fà. Ẹ má pa wọ́n pọ̀ láé.

Ẹ má sì ra kọ́fà tó le ju agbára ẹ́ńjìnnì yín lọ. Ní ìgbàkúùgbà tí ẹ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì onítítì, ṣáàfùtù ẹ́ńjìnnì ni ẹ ń tì síwájú, àyè tí ó sì ní láti sún kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Kọ́fà líle ń jẹ bẹ́árìnnì iwájú ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀, ẹ kò sì ní mọ̀ títí yóò fi pẹ́. Díìsìkì lásán tó ní sípíríìnì láàárín ni mo fara mọ́ fún ọkọ̀ ojú títì. Oní-séràmíìkì ń di nǹkan mú lójijì: rótárì yóò kú lọ́wọ́ yín níbi tí ẹ ti fẹ́ gbéra, ìgbámú náà yóò sì bọ́ sára eyín gíà.

Tí gíábọ́ọ̀sì bá jẹ́ àlòkù, ẹ mi ṣáàfùtù iwájú rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ yí i nínú gíà kọ̀ọ̀kan, ẹ sì da díẹ̀ nínú ọ́ìlì rẹ̀ sórí bébà funfun. Bí ẹ bá rí ẹ̀rún idẹ tó ń dán bíi wúrà púpọ̀, ẹ fi sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ so ó, ẹ pààrọ̀ bẹ́árìnnì kékeré tó wà ní ìdí ṣáàfùtù ẹ́ńjìnnì àti rọ́bà rẹ̀, nítorí bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lẹ́yìn náà, gbogbo gíábọ́ọ̀sì ni ẹ ó tún sọ̀kalẹ̀.