Mo fún ọnọrébù wa nílé aṣòfin ní ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún, ìdí ẹ̀ rèé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn kan máa ń wá síbí wá sọ bí fóònù tí wọ́n rà ṣe ń ṣe wọ́n, tàbí bí ọbẹ̀ búkà kan ṣe rí lẹ́nu, iṣẹ́ ọnọrébù wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ lèmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí owó wa ni wọ́n fi ń san owó oṣù ẹ̀, àwa náà la sì tò sínú oòrùn ní 2023 ká tó dìbò gbé e débẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ìpínlẹ̀ wa. Ẹ má bínú pé mò ń pè é ní "ó", ọmọ mi ni, mo lọ́mọ tó jù ú lọ, "Mọ́mì" ló máa ń pè mí. Òfin 2018 tó gbé ọjọ́ orí ẹni tó lè dupò aṣòfin ìpínlẹ̀ wá sílẹ̀ láti 30 sí 25 ló ṣílẹ̀kùn fún irú wọn, inú mi sì dùn sí i.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ ẹ́ńpáwámẹ́ǹtì kúrò lọ́nà, torí òun ni gbogbo èèyàn máa kọ́kọ́ bi mí. Bẹ́ẹ̀ ni, ó pín maṣíìnnì ìránṣọ, ó pín ẹ̀rọ ìlọta, ó ra fọ́ọ̀mù JAMB fún àwọn ọmọ kan, mo sì mọ obìnrin kan ládùúgbò wa tó ń fi maṣíìnnì yẹn bọ́ ọmọ mẹ́ta títí dòní, Ọlọ́run á san án fún un. Ṣùgbọ́n mi ò fún un ní máàkì kankan lórí ìyẹn. Iṣẹ́ tá a rán an ni kó ṣòfin, kó fara balẹ̀ wo bọ́jẹ́ẹ̀tì tí gómìnà bá gbé wá kó tó fọwọ́ sí i, kó sì máa ṣọ́ owó náà lẹ́yìn ìgbà tó bá ti di òfin, ìkẹta yìí ló ti já mi kulẹ̀, màá débẹ̀.

Lórí òfin ṣíṣe, ó gbìyànjú, ó gbìyànjú gan-an. Bílì kan, àbá òfin nìyẹn, wà tó gbé wá lórí oríṣiríṣi tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń já fún àwọn ọlọ́jà wa, èyí tí káńsù ń já, èyí tí àwọn kan tá ò mọ ẹni tó rán wọn ń já, gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó pe ará ìlú wá sọ tẹnu wọn. Ìyá elépo kan dìde, kò mú ìwé kankan dání, ó kàn tú ìdí náílọ́ọ̀nù dúdú kan, ó sì ń to tíkẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì níkọ̀ọ̀kan, pupa, yẹ́lò, búlúù, epo ti rin àwọn kan débi pé a ò rí nọ́ńbà ara wọn mọ́. Nígbà tó tò ó tán, ó ní "ti ọ̀sẹ̀ kan rèé o." Gbogbo yàrá pa lọ́lọ́. Yorùbá ló sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹnì kan fẹ́ dá a dúró pé kó wá ẹni tó máa túmọ̀, ọnọrébù wa ló dìde pé kí wọ́n jẹ́ kó sọ̀rọ̀, pé abala 97 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fàyè gba ilé aṣòfin láti fi èdè tí wọ́n ń sọ ní ìpínlẹ̀ kún Gẹ̀ẹ́sì bí ilé bá ti fọwọ́ sí i. Ní Èkó ṣebí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń fi Yorùbá jókòó, kí ló dé tá a máa wá ní kí ìyá elépo lọ wá Gẹ̀ẹ́sì kó tó sọ ohun tó ń dùn ún? Mi ò lè gbàgbé ọjọ́ yẹn láéláé.

Bílì náà kọjá kíkà kẹta, ó dé ọ̀dọ̀ gómìnà, ó sùn síbẹ̀. Abala 100 ní ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni gómìnà ní láti buwọ́ lù ú tàbí kó sọ pé òun ò buwọ́ lù ú, bó bá sì kọ̀, ilé lè gbé e wá lẹ́ẹ̀kejì, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn bá ti fọwọ́ sí i, ó di òfin nìyẹn, kò nílò gómìnà mọ́. Ní Ògùn, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì tó jẹ́ aṣòfin 26, èèyàn 18 ti tó, Ọ̀yọ́ ní 32, wọ́n nílò 22, Èkó ní 40, wọ́n nílò 27. Bí wọ́n bá fẹ́ kó o jọ wọ́n á kó o jọ, ṣebí gbogbo wa la rí bó ṣe yá wọn lára nígbà òfin Àmọ̀tẹ́kùn ní 2020, láàárín oṣù díẹ̀ ni àwọn ilé aṣòfin ilẹ̀ Yorùbá ti gbé e jáde. Mo pe ọnọrébù wa lórí fóònù, ó ní "Mọ́mì, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ni." Mo mọ̀ pé kò rọrùn, ẹgbẹ́ kan náà lòun àti gómìnà, ẹni tó bá dá dìde nínú wọn lè má rí ààyè dupò nígbà ìbò tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n láti 2023 ni wọ́n ti tún òfin ilẹ̀ wa ṣe kí owó ilé aṣòfin lè máa bọ́ sí wọn lọ́wọ́ tààrà, wọn ò ní máa tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ gómìnà mọ́, torí kí wọ́n lè láyà ni wọ́n ṣe ṣe é.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ bọ́jẹ́ẹ̀tì, èyí tó dùn mí dọ́kàn. Sẹ́ńtà ìlera alábọ́ọ́dé wọ́ọ̀dù wa kò lómi. Bí obìnrin bá ń rọbí lóru, àwọn ará ilé ẹ̀ ló máa gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sí kànga ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Lóru ọjọ́ tí ọmọ àbúrò mi bímọ, èmi ni mo tan tọ́ọ̀ṣì, ọkọ ẹ̀ ń fa omi, nígbà tá a fi máa padà dé, nọ́ọ̀sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú kó má baà fara kan nǹkan kan, ẹ̀jẹ̀ ti ń gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́, kẹ́ẹ̀gì wa ló ń retí. Ọmọ yẹn ti ń sáré kiri báyìí. Omi ò tíì dé.

A kọ lẹ́tà sí ọnọrébù, a sì kọ ọ́ lásìkò, torí ibi tí ọ̀pọ̀ àdúgbò ti ń ṣàṣìṣe nìyẹn, wọ́n á dúró dìgbà tí gómìnà bá gbé bọ́jẹ́ẹ̀tì wá síwájú ilé ní ìparí ọdún, bẹ́ẹ̀ àwọn iléeṣẹ́ ìjọba ti ń to tiwọn jọ láti àárín ọdún. July la gbé tiwa lọ. Ó sì ṣe ohun kan tó wú mi lórí, kò ju lẹ́tà wa sínú dúrọ́ọ̀, ńṣe ló pe gbogbo wọ́ọ̀dù jọ sí gbọ̀ngàn ilé ìwé kan, ó ní kí kálukú mú ohun kan ṣoṣo wá, kì í ṣe mẹ́wàá. Ó wá ṣàlàyé fún wa pé títì tá à ń pariwo lé lórí, ti ìjọba àpapọ̀ ni, òun ò lè rí i fi sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ìpínlẹ̀, pé ọjà àti gọ́tà inú àdúgbò, ọ̀dọ̀ káńsù ni ká gbé e lọ, pàápàá nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ ní July 2024 pé kí owó káńsù máa lọ bá wọn tààrà. Olóṣèlú míì á ti ṣèlérí gbogbo ẹ̀ fún wa, á sì gba àtẹ́wọ́.

Nígbà tó di January mo wọ wẹ́bsáìtì ìpínlẹ̀, mo ṣí bọ́jẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti buwọ́ lù, ìwé tó nípọn gan-an, mo tẹ orúkọ àdúgbò wa sí i, kò gbé nǹkan kan jáde. Àyà mi já. Mo tún un tẹ̀ lóríṣiríṣi, àṣé wọ́n ti jẹ lẹ́tà kan nínú orúkọ wa, bó ṣe jáde nìyẹn: bọ́hóòlù, tánkì, fẹ́ǹsì, sẹ́ńtà ìlera wa, owó sì wà níwájú ẹ̀. Mo yà á ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo WhatsApp àdúgbò, a jó.

Ijó yẹn ti yá jù. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni ìpínlẹ̀ máa ń gbé àkọsílẹ̀ jáde lórí bí wọ́n ṣe ń ná bọ́jẹ́ẹ̀tì, ẹ lọ wá tiyín, iye tí ilé fọwọ́ sí máa wà lápá kan, iye tí wọ́n ná gan-an máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tiwa ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, òdo. Oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, òdo. Ìkẹta náà, òdo. Ọnọrébù ní àwọn aláṣẹ ni kò tíì tú owó sílẹ̀, òótọ́ ló sọ, aṣòfin kọ́ ló ń tú owó sílẹ̀. Àmọ́ abala 128 àti 129 nínú òfin ilẹ̀ wa fún ilé aṣòfin lágbára láti wádìí iléeṣẹ́ ìjọba yòówù tí owó tí ilé fọwọ́ sí bá wà níkàáwọ́ ẹ̀, kí wọ́n ránṣẹ́ pe ẹni tó bá kàn kó wá ṣàlàyé, ta ni wọ́n wá pè? Inú ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó lórí ìlera gan-an ni ọmọ mi yìí wà o! Ọdún ń lọ sópin, tí wọn ò bá tú owó yẹn sílẹ̀ kí ọdún tó yí, a tún máa bẹ̀rẹ̀ látorí lẹ́tà ni.

Ọ́fíìsì ẹ̀ dáa ṣá, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣí i, wọ́n máa ń gbé fóònù, PA ẹ̀ mọ èèyàn kí. Ìyẹn wà nínú mẹ́ta tí mo fún un. Ìràwọ̀ kan lọ lórí bílì tó sùn, ìkan lọ lórí omi.

A ti kọ lẹ́tà míì báyìí. A ò ní kó fi bọ́hóòlù sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì mọ́, a ní kó jẹ́ kí ìgbìmọ̀ ẹ̀ ránṣẹ́ pe kọmíṣọ́nnà, kó sì gba èèyàn méjì láàyè láti wọ́ọ̀dù wa kí wọ́n jókòó síbẹ̀, kí wọ́n fetí ara wọn gbọ́ ọ. Nọ́ọ̀sì yẹn ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ọjọ́ Mọ́ńdè la máa gbé e lọ, lọ́jọ́ tí omi bá sì yọ lẹ́nu ẹ̀rọ níbẹ̀, màá padà wá síbí wá yí nọ́ńbà òkè yẹn padà.