Porcelain ni àbí sẹ̀rámíìkì? Táìsì tí mo fi parí ilé mi l'Ógbómọ̀ṣọ́

Oríṣi táìsì méjì ló wà nílé mi ní Arówómọlé, òjò ti rọ̀ lórí wọn, ọyẹ́ náà sì ti fẹ́. Pálọ̀ ni mo tẹ́ porcelain 60 × 60 (sẹ̀ǹtímítà) sí, èyí tó ń dán gbinrin. Sẹ̀rámíìkì ni mo lò ní yàrá, kíṣìn àti balùwẹ̀.

Kí n tó sanwó, mo dojú méjèèjì délẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, mo ta omi díẹ̀ sí wọn lẹ́yìn. Ẹ̀yìn sẹ̀rámíìkì pupa bí ìkòkò, ó fa omi yẹn mu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ojú ibẹ̀ sì ṣú. Ti porcelain dúró sójú kan. Mo fi àkísà nù ún, ibẹ̀ gbẹ. Amọ̀ rẹ̀ kúnná, iná tó le ni wọ́n sì fi ń sun ún, omi tó lè fà kì í ju 0.5% ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Ẹni tó ń tajà ní, "Dádì, ṣé ẹ fẹ́ wẹ̀ fún un ni?"

Ìyẹn ò ní kí sẹ̀rámíìkì burú o. Lára ògiri, òun ni mo yàn láàyò: ó fúyẹ́, ó rọrùn láti gé, sìmẹ́ńtì sì máa ń dì í mú dáadáa. Ẹ kàn kọ́kọ́ rì í sómi, kó má baà fa omi inú sìmẹ́ńtì gbẹ. Porcelain ní tirẹ̀ kì í gba sìmẹ́ńtì bọ̀rọ̀. Gọ́ọ̀mù táìsì ni kí ẹ ní kí oníṣẹ́ lò, kí ó má baà máa dún kòròfo lábẹ́ ẹsẹ̀ yín.

Ẹni tó bá ní kí ẹ tẹ́ táìsì tó ń dán sílẹ̀ balùwẹ̀, ẹ bi í bóyá ìyá rẹ̀ kì í wá kí i nílé. Èyí tí ojú rẹ̀ rí hánhán ni mo tẹ́ síbẹ̀. Ọṣẹ máa ń há sí i lára, ó dẹ̀ ń fẹ́ búrọ́ọ̀ṣì gidi, ṣùgbọ́n màmá mi ń wọlé, wọ́n ń jáde, wọn ò di ògiri mú.

Àwọ̀ ló mú mi bínú. Pálọ̀ mi jẹ́ mítà 4.5 sí 4, ìyẹn square metre 18. Táìsì 4 ló wà nínú páálí 60 × 60 kan, yóò kárí square metre 1.44. Páálí 13 ì bá tó, àmọ́ mo ra 14 nítorí èyí tí wọ́n máa gé àti èyí tó máa fọ́. Nígbà tí a tú wọn sínú oòrùn, páálí méjì ń pọ́n díẹ̀, ìyókù funfun. Orúkọ kan náà ni o, iléeṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà shade, ìyẹn nọ́ńbà àwọ̀, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí yàtọ̀, torí wọn ò sun wọ́n pọ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó kó o wá jiyàn títí kí wọ́n tó pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ ka nọ́ńbà yẹn lára páálí kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó dì í sọ́kọ̀.

Pálọ̀ ṣì ń dán, àmọ́ funfun ò bá erùpẹ̀ pupa tiwa mu. Lásìkò ọyẹ́, bí ẹ nù ún láàárọ̀, ẹ tún máa nù ún lálẹ́. Aláwọ̀ eérú ni mo máa rà bí mo bá ń kọ́ òmíràn. Ní kíṣìn, táìsì ò ní wàhálà kankan, sìmẹ́ńtì funfun tó wà láàárín wọn ni epo pupa ti bá jẹ́, kò sì lọ mọ́.